Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Ṣì Ṣeé Tú Palẹ̀

Ajégúnlẹ̀ tí mo ń sọ kì í ṣe ti ọ̀nà Àpápá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù àti olórin sọ di olókìkí. Ti Kòsọ́fẹ́ ni, èyí tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tí èèyàn máa kàn lẹ́yìn Owódé Ẹlẹ́dẹ̀ kó tó dé Màjídùn, tí Odò Ògùn sì gba ìtòsí rẹ̀ kọjá lọ sínú ọ̀sà. Láti nǹkan bí ọdún 1997 títí di 2008, àdúgbò yìí àti gbogbo ìlà náà láti Kétu dé Máìlì 12 rí àkókò kan tí irú rẹ̀ kò tíì padà wá: àkókò tí ẹni tí kò kàwé ẹ̀rọ rárá, tí kò sì ní ará ní òkè òkun, lè ra kọ̀ǹpútà ní ẹyọ-ẹyọ, kó to ó pọ̀ fúnra rẹ̀ lórí tábìlì, kó tan án, kó sì máa lò ó. Tí ẹ bá bi àwọn tó gbé ayé ìgbà náà léèrè ohun tó fà á, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde: owó ni kò sí. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká a ra ojúlówó, ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a ra clone, ìyẹn èyí tí a fi ẹ̀yà oríṣiríṣi tò pọ̀, ó tán. Mo gbà pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò tó. Àìlówó lè mú èèyàn ra ọjà tí kò wọ́n, kò lè kọ́ ọ níṣẹ́. Lójú tèmi, ohun tó kọ́ àwọn èèyàn Ajégúnlẹ̀ níṣẹ́ ni pé ẹ̀rọ náà ṣeé tú palẹ̀. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló ní orúkọ, tó ní ọjà tirẹ̀, tó sì ṣeé yọ kí èèyàn fi òmíràn dípò, àìsàn rẹ̀ kò sì jìnnà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ owó náà yẹ̀ wò. Ní ọdún 2000 tí ìjọba Ọbásanjọ́ fi kún owó oṣù, ẹni tó kéré jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba 7,500 náírà lóṣù, ti ìpínlẹ̀ sì jẹ́ 5,500. Dọ́là kan nígbà náà ti lé ní 100 náírà. Láti 1997 ni Compaq ti ta Presario kan ní 999 dọ́là ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kà á sí pọ́ọ́kú níbẹ̀. Ẹni bá ṣírò pọ́ọ́kú yẹn sí owó tiwa á rí i pé ó ju owó oṣù méjìlá gbáko ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yẹn lọ, kí a tó fi owó ọkọ̀ òkun àti èrè oníṣòwò lé e. Kò sí bí olùkọ́ tàbí télọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ṣe máa kó irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bí àjọ bá ṣe ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń rà á: tí wọ́n bá kó àjọ, mọ́dábọọ̀dù àti púrósẹ́sọ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé; késìn àti pọ́wà pákì á tẹ̀ lé e; mọ́nítọ̀ tokunbo ló sábà máa ń kẹ́yìn, nítorí òun ló ṣeé yá lọ́wọ́ aládùúgbò fún ọjọ́ mélòó kan. Títí dé ibí, àwọn tó ní àìlówó ló fà á jàre. Ibi tí àlàyé wọn ti dẹnu kọlẹ̀ ni pé tẹlifíṣọ̀n wọ́n nígbà náà, fíríìjì wọ́n, ẹ̀rọ ìfọṣọ tilẹ̀ di ohun tí a ń wò nínú fíìmù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ra tẹlifíṣọ̀n ní ẹyọ-ẹyọ kó to ó pọ̀ nínú yàrá rẹ̀. Àpò kan náà ni wọ́n fi ń ra gbogbo rẹ̀. A gbọ́dọ̀ wá ìyàtọ̀ náà lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Ìyàtọ̀ náà kò ti Èkó wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1981 tí IBM gbé kọ̀ǹpútà ara ẹni tirẹ̀ jáde, ó ń kánjú láti dé ọjà, kò sì ráyè ṣe gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ra púrósẹ́sọ̀ 8088 lọ́wọ́ Intel, ó gba ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Microsoft, ó sì tẹ ìwé tó fi bí wáyà inú rẹ̀ ṣe lọ hàn kí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn lè ṣe káàdì tó máa wọ inú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó pa mọ́ sábẹ́ òfin ni BIOS, ìyẹn ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ. Compaq wá ọ̀nà tó bófin mu láti kọ tirẹ̀, ó sì kéde ẹ̀rọ tó bá ti IBM mu ní 1982. Nígbà tó di 1984, Phoenix ti ń ta irú BIOS bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Láti ìgbà náà, IBM kò ní àṣẹ lórí ohun tó dá sílẹ̀ mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ Taiwan, Gigabyte àti MSI láti 1986, Asus láti 1989, bẹ̀rẹ̀ sí í da bọọ̀dù sí ìgboro. Ní 1995, Intel gbé ìlànà ATX jáde: ibi tí ihò ìṣó máa wà lára bọọ̀dù, bí pọ́wà pákì ṣe máa tóbi tó, irú plug tó máa gbé iná wọlé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó jókòó kọ ìlànà yẹn tó ń ro ti Ajégúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ ni bọọ̀dù láti Taiwan, késìn láti China àti ráàmù láti Korea fi ń bára mu lórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìkòròdú, láìjẹ́ pé àwọn tó ṣe wọ́n mọ ara wọn rí. Tẹlifíṣọ̀n kò ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì tẹlifíṣọ̀n ti ilé iṣẹ́ kan kò wọ inú ti òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìsọ̀ tó ń ta pánẹ́ẹ̀lì tuntun fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́.

Ìlànà láìsí ọjà kò lè ṣe nǹkan kan, ibí ni Ìkẹjà ti wọ ọ̀rọ̀. Òpópónà Ọ̀tìgbà àti àwọn tó yí i ká, Ọlá Àyẹ̀ní, Pepple, Francis Ọ̀rẹ́mẹ́jì, jẹ́ ibi tí èèyàn ń gbé tẹ́lẹ̀. Láàrin ìdajì kejì àwọn ọdún 1990 ni ìsọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀, yàrá àlejò di ṣọ́ọ̀bù, gáréèjì di ibi àtúnṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Oyelaran-Oyeyinka ṣe ìwádìí lórí ọjà náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì jáde ní 2006. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ lójú mi nínú ohun tó rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ló kàwé gboyè. Kì í ṣe ọjà aláìmọ̀wé tó ń ta ohun tí kò mọ̀. Ará Ajégúnlẹ̀ tó bá fẹ́ débẹ̀ á wọ danfo dé Máìlì 12 tàbí Kétu, á tún wọ òmíràn dé Òjótà, lẹ́yìn náà á gba Orẹ́gùn wọ Ìkẹjà, pẹ̀lú owó nínú ìbọ̀sẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tó ń fa aṣọ oníbàárà ní ẹnu ọ̀nà ọjà náà kò ṣeé bá ṣeré. Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa Ọ̀tìgbà kì í mẹ́nu bà. Lójú ọ̀nà yẹn gan-an, kí danfo láti Ajégúnlẹ̀ tó dé Máìlì 12, Owódé Onírin wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tokunbo. Àwọn ará ìlà yìí ti mọ bí a ti ń fetí sí ẹ́ńjìnnì kí a tó sanwó, bí a ti ń béèrè bóyá ẹ̀yà yìí bá ti ọkọ̀ wọn mu, bí a ti ń dá ọjà padà láì bá oníṣòwò jà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àṣà ìrajà ti wà nílẹ̀ ṣáájú ẹ̀rọ. Ní Ọ̀tìgbà náà, ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe kì í san kọ́bọ̀ kí wọ́n tó fi bọọ̀dù náà sórí tábìlì ìdánwò, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé ó gbé dísípíléè.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí tábìlì náà, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rí mi wà. Nínú àwọn ẹ̀rọ AT tó ṣáájú ATX, pọ́wà pákì ní plug méjì, P8 àti P9, tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, tí wọ́n sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bọọ̀dù. Kò sí ohun tó ní kí o má fi ọ̀kan sí àyè èkejì. Ìlànà tí ọ̀gá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni pé kí wáyà dúdú pàdé dúdú láàrin. Ẹni tó bá gbàgbé, bọọ̀dù tó fi owó àjọ rà ti lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Swíìṣì pupa kékeré kan tún wà lẹ́yìn pọ́wà pákì, 115 ní apá kan, 230 ní èkejì. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà dé sábà máa ń wà lórí 115, ẹni tó bá sì tì í mọ́ iná wa láì fi ṣóńṣó súkúrúdíráfà yí i, á gbọ́ “pòó!”, òórùn tó máa tẹ̀ lé e kò sì ní kúrò nínú yàrá títí di alẹ́. Wáyà pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tó so hadi-díìsì mọ́ bọọ̀dù ní ìlà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìlà náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Tí hadi-díìsì àti CD bá jọ wà lórí wáyà kan, jọ́ńpà kékeré tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ló ń sọ èwo ni ọ̀gá, èwo ni ẹrú. Tí o bá sọ méjèèjì di ọ̀gá, kò sí èyí tó máa dáhùn. Púrósẹ́sọ̀ ní igun tí wọ́n fi àmì sí. O máa gbé ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, púrósẹ́sọ̀ á sì wọlé fúnra rẹ̀ láì lo agbára. Tí o bá rí i pé o ní láti tẹ̀ ẹ́, o ti fi sí i lódì. Athlon tí AMD ń ṣe ní 2000 àti 2001 kì í dárí ji ẹni tó bá gbàgbé fáànù àti irin ìfami-ooru orí rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni yóò fi jóná. Lẹ́yìn gbogbo èyí, o máa fi ẹnu súkúrúdíráfà kan ẹsẹ̀ méjì níwájú bọọ̀dù láti tan án, o sì máa dákẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ. Ìró kúkúrú kan, ó ti jí. Lórí BIOS Award, ìró gígùn kan pẹ̀lú kúkúrú méjì, káàdì àwòrán ló ń ṣàìsàn. Ìró gígùn tí kò dáwọ́ dúró, ráàmù ni: wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi rọ́bà ìpawé nu eyín wúrà rẹ̀, wọ́n á kì í bọ̀ ọ́ padà títí ìdè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi dún “kẹ́”.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nínú gbogbo àlàyé yìí ni pé kò sí èyí tó béèrè ìṣirò yunifásítì. Kò sì sí èyí tó fara sin. Ojú rí ìlà pupa, etí gbọ́ ìró, ọwọ́ mọ ìgbà tí nǹkan kò wọlé dáadáa. Ẹ̀kọ́ tó bá ń fèsì báyìí lójú ẹsẹ̀ ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè dá kọ́, tàbí kó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó fi oṣù mẹ́ta péré ṣáájú rẹ̀. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ tó wà nígbà náà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà àdúgbò tó ń kọ́ni ní DOS, WordPerfect àti CorelDraw, kì í ṣí àpótí náà rárá. Ọ̀pọ̀ tó gba sàtífíkéètì níbẹ̀ kò mọ̀ pé àpótí tí gbogbo wa ń pè ní CPU kì í ṣe CPU, àti pé CPU gan-an kò tóbi ju ẹnu ife tíì lọ.

Olùkọ́ tó le jù lọ ni NEPA, tó di PHCN ní 2005 láì yí ìwà padà. Iná á lọ láàárín iṣẹ́, á padà dé pẹ̀lú agbára tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tàbí kó wá ní ìdajì tí sitabiláísà kò ní gbé. Pọ́wà pákì ló ń kọ́kọ́ kú, lẹ́yìn náà hadi-díìsì, lẹ́yìn náà bọọ̀dù. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré tó ń tọ́jú aago ẹ̀rọ náà á tán lábẹ́ ìtànpa yìí, kọ̀ǹpútà á sì jí láàárọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé ọdún tí wọ́n ṣe é la ṣì wà. Ní ìlú tí iná kì í lọ, kọ̀ǹpútà lè lo ọdún mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Ní Ajégúnlẹ̀, àtúnṣe ń kan ilẹ̀kùn nígbà gbogbo, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà wá àìsàn rí ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ là sílẹ̀: yọ ọ̀kan, fi èyí tó dára láti inú ẹ̀rọ mìíràn dípò, wò bóyá ó yí padà. “Ó ń pọ́wà, kò ní dísípíléè” jẹ́ gbólóhùn tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń sọ lójú pópó bí ẹni tó ń sọ pé ara òun kò yá. Nínú gbólóhùn yẹn, ó ti dá pọ́wà pákì láre, ó sì ti dín àwọn afurasí kù sí ráàmù, káàdì àwòrán, bọọ̀dù àti púrósẹ́sọ̀. Ìrònú dókítà nìyẹn, kò sì sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ fún un.

Ẹ wá fi èyí wé ojúlówó tí gbogbo èèyàn ń jowú. Láàrin 1996 sí nǹkan bí 2000, Dell ń fi plug pọ́wà tó jọ ti ATX dọ́gba-dọ́gba sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó to wáyà inú rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ẹni tó bá ra pọ́wà pákì ATX tó pé lọ́jà, tó kì í bọ̀ ọ́, tó rí i pé ó wọlé wẹ́rẹ́, á sun bọọ̀dù náà láì ṣe àṣìṣe kankan. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò dára. Ó dára ju ọ̀pọ̀ clone lọ. Ṣùgbọ́n ó ń fìyà jẹ ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé kí a máa sọ clone bí ohun tí èèyàn fara mọ́ nígbà tí kò rí ojúlówó. Fún ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́, clone ló sàn jù.

Àwọn kan á sọ pé mo ń ṣe àsọdùn: títò kì í ṣe ṣíṣe. Wọ́n á ní kò sí ẹyọ ṣíìpù kan tí Nàìjíríà ṣe nínú gbogbo rẹ̀, ìṣó nìkan là ń dè. Mo gbọ́. Àmọ́ kí wọ́n rántí pé ní 1984, nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Texas ní Austin, Michael Dell kò ṣe ṣíìpù kankan; ẹ̀yà tí àwọn ẹlòmíràn ṣe ló ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà, tó ń tà á. Ní ọ̀dọ̀ tiwa náà, àwọn kan fi ìtò ṣe ìpìlẹ̀: Florence Seriki dá Omatek sílẹ̀ láti òpin àwọn ọdún 1980, ó sì gbé ilé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní Orẹ́gùn, lójú ọ̀nà kan náà tí danfo Ìkẹjà ń gbà, Leo Stan Ekeh gbé Zinox jáde ní 2001. Pé a kò ti ibẹ̀ dé ibi tí Taiwan dé, iná, owó èlé báńkì àti ìjọba ló yẹ ká bi. Ẹ̀sùn yẹn kò kan ohun tí mo ń sọ, nítorí n kò sọ pé Ajégúnlẹ̀ di ilé iṣẹ́ ńlá. Ohun tí mo sọ ni pé ó di ibi ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n ń bójú tó kọ̀ǹpútà kaféè tó hù káàkiri Kétu àti Máìlì 12 lẹ́yìn ọdún 2000: ogún ẹ̀rọ clone, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dè, jẹnẹrétọ̀ kan lẹ́yìn ilé.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ayédèrú àti pàǹtírí, mi ò sì ní gbójú fò ó. Ní àárín àwọn ọdún 1990, àwọn bọọ̀dù 486 kan wà káàkiri ayé tí wọ́n lẹ ike òfìfo mọ́, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára kí ó lè dà bíi pé ìrántí kékeré tó ń mú púrósẹ́sọ̀ yára wà níbẹ̀. Láti nǹkan bí 1999 títí di 2007, kapásítọ̀ tó ní omi tí kò dára nínú wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ bọọ̀dù, orí wọn ń wú bí oúnjẹ inú agolo tó ti bàjẹ́, wọ́n sì ń ya. Ní oṣù kẹwàá 2005, àjọ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà gbé ìwádìí tó ṣe ní Èkó jáde: nǹkan bí 500 kọ́ńténà ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ èbúté lóṣù, àwọn oníṣòwò níbí sì sọ fún un pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni kò ṣeé tún ṣe tàbí tà. Wọ́n ń da èyí tí kò wúlò yìí sẹ́bàá odò àti ẹrẹ̀, wọ́n ń sun ún. Òjé tó wà nínú mọ́nítọ̀ wọn kò lọ síbì kankan. Ẹni tó bá ní owó ńlá ni a san fún ẹ̀kọ́ yẹn kò purọ́. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn tó lè dá ayédèrú mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Erékùṣù Èkó ń ra kọ̀ǹpútà nínú páálí, wọn kì í wo inú rẹ̀. Ẹni tó ń to tirẹ̀ ló ń yí bọọ̀dù sí ìmọ́lẹ̀ láti wo orí kapásítọ̀ kó tó sanwó, tó sì mọ bí a ti ń fi áyọ́nù yọ èyí tó wú kúrò. Pàǹtírí ì bá wọlé bóyá a mọ iṣẹ́ náà tàbí a kò mọ̀ ọ́n, nítorí èbúté ló ń gbà wọlé, kì í ṣe tábìlì Ajégúnlẹ̀. Ní ti pé Windows tó wà lórí gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀dà tí a kò sanwó fún, bẹ́ẹ̀ ni. N kò ní àwáwí lórí ìyẹn.

Ibì kan wà tí mo gbà pé àríyànjiyàn mi kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó, n kò sì rí i kí àwọn tó ń yin ìgbà náà sọ ọ́. Ṣíṣeé tú palẹ̀ kò sọ ẹni tí wọ́n máa jẹ́ kó tú u. Nínú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ojú ọ̀nà, àwọn ọmọbìnrin ló ń tẹ ìwé láti àárọ̀ di alẹ́: iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìbéèrè ìdánwò. Tí ẹ̀rọ bá ti kú, wọ́n á dìde fún ọmọkùnrin tó gbé súkúrúdíráfà wá. Àwọn ló mọ ẹ̀rọ náà jù, àwọn ló ń gbọ́ ọ bó ṣe ń mí lójoojúmọ́, síbẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó wà nínú àpótí yẹn kò ṣí fún púpọ̀ nínú wọn. Owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá náà tún ń dá àwọn mìíràn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìlànà ATX kò ní nǹkan í sọ sí ìyẹn.

Báwo ni ìgbà náà ṣe parí? Díẹ̀díẹ̀ ni. GSM dé ní oṣù kẹjọ 2001, ọkàn àti owó àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí fóònù. Ojúlówó àlòkù láti ọ́fíìsì ìlú òyìnbó wá kún ọjà débi pé iye rẹ̀ wá sílẹ̀ ju iye tí èèyàn máa fi to clone lọ. Láàpútọ́ọ̀pù tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹwàá 2010, wọ́n ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, Odò Ògùn kún, ó sì wọ ilé ní Ajégúnlẹ̀. CPU tó máa ń jókòó nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì wà lára ohun tí omi máa ń kọ́kọ́ dé. Kódà nínú irú àjálù bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n tú lè fi omi mímọ́ ṣan ráàmù àti púrósẹ́sọ̀, kó jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa, kó tún lò wọ́n. Láàpútọ́ọ̀pù tí omi wọ kì í fún onílé ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lónìí ní Kétu ti gbapò àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà nígbà náà, iṣẹ́ wọn sì lágbára jù. Mo kí wọn, iṣẹ́ wọn ṣòro ju ti ìgbà yẹn lọ ní tòótọ́, nítorí wọ́n ń lo ẹ̀rọ amúnǹkantóbi láti wo ohun tí ojú lásán kò rí. Ìṣòro tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ náà di ti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò ní ibi tó máa ti wọlé, nítorí ráàmù àti ibi ìpamọ́ ti lẹ̀ mọ́ bọọ̀dù, gọ́ọ̀mù ló di ara fóònù náà mọ́ra, àṣìṣe àkọ́kọ́ ló sì ń jẹ́ èyí tó kẹ́yìn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà pé kó padà sí Pentium III. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan ní Ajégúnlẹ̀ bá ń wá ẹ̀rọ tí ọmọ rẹ̀ lè fi bẹ̀rẹ̀ lónìí, kó má rò pé ọjà ti tú. Ihò ìṣó tí ATX là sílẹ̀ ní 1995 kò tíì yí padà. Késìn ATX tí wọ́n rà ní Ọ̀tìgbà ní 1999, tí ìpẹtà kò bá tíì jẹ ẹ́, á gba bọọ̀dù ATX tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí, pọ́wà pákì rẹ̀ ló máa nílò tuntun.